Òfin Ọgbà Gàrí

Ẹ̀rọ tí Àrinpé fi ń lọ gbágùúdá kọṣẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀rọ gbogbo ilé gàrí inú ọgbà náà dákẹ́, iná pupa sì tàn lẹ́nu ọ̀nà Àrinpé. Òfin ọgbà nìyẹn: bí ẹ̀rọ ilé kan bá kọṣẹ́, ti gbogbo ilé á dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀, tó ń kó gàrí wọn lọ sọ́jà, ti bà sórí òrùlé. Kì í gbéra àfi bí àpò gàrí gbogbo ilé bá pé.

Àná ni Àrinpé kó dé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mo dá iṣẹ́ yín dúró."

"Ta ní ń bínú? Dìde, di bẹ́líìtì mú!" Ìyá Ládépò, aládùúgbò rẹ̀, ló jágbe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ti ń kó sípánà bọ̀.

Kò pẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ tún fi gba gbogbo ọgbà.

Lọ́sàn-án, ó tún dákẹ́. Iná pupa tàn lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ládépò. Àrinpé ló kọ́kọ́ débẹ̀, tòun ti sípánà.

"Ìyá, ẹ di bẹ́líìtì mú!"