Apá Ẹ̀wù Kan Ló Kù

Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ tó dolóògbé wá sí ṣọ́ọ̀bù Múfútáù, atúnṣe ẹ̀rọ, pé gílóòbù kékeré ara rẹ̀ kò tàn mọ́. Eku ti jẹ wáyà inú rẹ̀, ni Múfútáù bá gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ègé àǹkárá búlúù kan tí wọn kò tíì rán tán há sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó fà á yọ, ó sì fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, bí àwọn atúnṣe ti máa ń ṣe.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, iná ìjọba sì ti lọ láti àárọ̀. Ó gbọ́ tí wíìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà rọra yí lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnìkankan.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” obìnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Àǹkárá búlúù yẹn gan-an ló wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà kò ní apá ọ̀tún.

“Ẹ káalẹ́, mà. Mo ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù.”

“Mi ò ní pẹ́. Apá ẹ̀wù kan ló kù tí mo fẹ́ rán.” Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ wá abẹ́ abẹ́rẹ́, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Múfútáù rọra fi ègé àǹkárá ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

“Ibí mà ṣókùnkùn o,” obìnrin náà wí, ó sì fọwọ́ kan gílóòbù. Ó tàn yòò, bẹ́ẹ̀ wáyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Múfútáù.

Obìnrin náà yíjú sí i. “Ẹ mú apá ẹ̀wù mi wá.”