Búrẹ́dì Gbígbẹ tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Kò Lè Gbé Mì

Àlọ́ mi rìn títí, ó gúnlẹ̀ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, ó bá àwọn ẹranko níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ lábẹ́ igi. Adìẹ fẹ̀sùn kan Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pé ó pa Àkùkọ, ọkọ òun, jẹ. Òfin wọn ni pé kí ẹni tí wọ́n fura sí jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Bó bá há a lọ́fun, ó jẹ̀bi nìyẹn, wọn yóò lé e nílùú.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín sí Àgbò adájọ́. "Bàbá, oúnjẹ lẹ fẹ́ fi jẹ mí níyà? Ẹ gbé e wá!" Ó fi orin búra:

Bí mo bá jẹ Àkùkọ,
*Ọ̀fun á sọ!*
Kí búrẹ́dì há mi,
*Ọ̀fun á sọ!*

Ó rún un lẹ́nu títí, kò lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti yó ni."

Adìẹ ní, "Ìwọ tó ń lá ìkòkò onílé àti àlejò! Kí lo jẹ yó lónìí?"

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì lé e lọ.

Àlọ́ mi ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú sùn títí oòrùn fi kan àtàrí. Adìẹ nìkan ló ti jí, tó ń tẹ́tí dúró de kíkọ Àkùkọ.