Níwájú Ìtàgé ní Gbọ̀ngàn Tull

Ọmọ kan ṣoṣo ni Lavelle Pettiford àti Denice ìyàwó rẹ̀ bí, Kiana lorúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Kiana pe àwọn méjèèjì wá sí ilé-ìkàwé àdúgbò wọn ní Bronx. Ilé-ìkàwé náà fẹ́ gba ohùn àwọn tó ti lọ wo eré ráàpù láti ìgbà ọ̀dọ́langba wọn sílẹ̀, Kiana ló sì wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ìtàn òbí rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣáájú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní òpópónà wọn: eré ńlá ti Gbọ̀ngàn Tull ní Brooklyn, oṣù kẹjọ ọdún 1986, ló so wọ́n pọ̀.

Lavelle kò fojú kan oorun dáadáa láti ọjọ́ tí ọmọ ti sọ fún un. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń sọ ìtàn yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, òun náà ni pé kò débẹ̀.

Ó rí pósítà eré náà lára ògiri lóòótọ́, ó sì búra pé iwájú ìtàgé lòun máa dúró sí. Ó ra okùn bàtà funfun tó fẹ̀ bí ìgbànú, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ẹ̀gbẹ́ kan fi jóná. Àmọ́ bí ilé-ìwé bá ti ń gba ìsinmi, ìyá rẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò, wọ́n á gbé e sínú bọ́ọ̀sì, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Carolina títí oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ eré náà, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń fún lóúnjẹ, pẹ̀lú okùn bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò bi ẹnikẹ́ni bí eré ṣe rí, kí wọ́n má baà bi í pé níbo lòun wà.

Eré ráàpù kan ṣoṣo tó lọ nígbà èwe rẹ̀ kò ṣeé sọ létí èèyàn. Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ. Ìyá jókòó tì í, ó gbé báàgì lé itan, bí akọrin sì ti bẹ̀rẹ̀ ló pariwo pé, "Ọmọ yìí, lanu sọ̀rọ̀ dáadáa, a ò gbọ́ nǹkan tó ò ń sọ!" Akọrin ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ọdún 1991 ni Lavelle pàdé Denice, ọmọ Queens, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní wíwa bọ́ọ̀sì èrò. Lavelle bi í bóyá ó gbọ́ nípa eré Tull.

"Gbọ́ kẹ̀? Iwájú pátápátá ni mo wà!"

"Èmi náà!" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Lavelle kó tó mọ̀.

Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ti wọlé wọn, Denice á ní, "Àwọn tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ mí nígbà yẹn pọ̀, àmọ́ Vel ọkọ mi yìí nìkan ló wà ní Tull. Ṣé mo wá lè fẹ́ ẹni tí ò sí níbẹ̀ ni?" Àlejò á rẹ́rìn-ín, Lavelle á sì dọ́gbọ́n wọ ilé ìdáná lọ.

Kiana gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí tábìlì. Bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá.

"Dádì, Mọ́mì, ẹ wo ẹni tí mo mú wá! Bàbá Tull nìyí, àwọn ló ni gbọ̀ngàn yẹn. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ládùúgbò yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá."

Lavelle wo ẹnu ọ̀nà. Denice gbé ife omi, ó mu ún dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí Dádì ẹ kọ́kọ́ sọ."

"Rárá o," ni Lavelle wí, "ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ."

Denice wú ikọ́. "Èrò pọ̀ débi pé wọ́n tẹ bàtà mi mọ́lẹ̀ títí tó fi dúdú. Sípíkà kan wá wó lulẹ̀ lápá ọ̀tún."

"Ṣé kì í ṣe òsì lo máa ń sọ?"

"Ó lè jẹ́ òsì. Ibi téèyàn bá dúró sí ni."

"Òótọ́ ni," ni Lavelle yára dáhùn, "ibi téèyàn bá dúró sí ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹni tó bá láyà bọ́ sórí ìtàgé. Mo bọ́ síbẹ̀. Mo sọ ìlà mẹ́ta, ìkẹrin kọ̀, kò wá. Ni wọ́n bá hó lé mi lórí. Ẹnìkan ju fìlà lù mí, fìlà ọ̀hún sì bá mi mu ju tèmi lọ."

Kódà nínú irọ́, Lavelle ò rí àtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

"Mo rí i!" ni Denice fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti adìẹ tí òjò pa."

Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Lavelle ti gbà tipẹ́ pé ọmọkùnrin mìíràn ni Denice rí lórí ìtàgé lóòótọ́, ó sì máa ń jowú ọmọkùnrin náà.

Bàbá Tull ti rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń domi. Kiana yí ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Bàbá, báwo ni ọjọ́ náà ṣe rí lójú tiyín?"

Lavelle wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ náà tutù ju tirẹ̀ lọ. Ó ń wo bí ọgbọ̀n ọdún ṣe fẹ́ dàwátì lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Bàbá Tull wí, "kò tíì sẹ́ni tó sọ ìtàn gbọ̀ngàn mi dùn báyìí rí. Àmọ́ òjò wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ba ilẹ̀ onípákó yẹn jẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ eré ni mo ti ti ilẹ̀kùn pa. Eré kankan ò wáyé, ẹsẹ̀ ẹnì kan ò sì wọbẹ̀."

Lavelle di ojú, ó ń dúró de ìbínú ìyàwó rẹ̀, àmọ́ Denice ló kọ́kọ́ nawọ́ pa ẹ̀rọ náà, ó sì sọ lóhùn kékeré pé, "Vel, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."