Ẹja Àdúrà Ogójì

Opó náà tún ju okùn ìwọ̀ sínú adágún kan nílẹ̀ Òyìnbó. Òtútù ti pa ìka rẹ̀ kú. Eṣinṣin àtọwọ́dá tí Dísù, ọkọ rẹ̀, fi ìyẹ́ adìyẹ so láti fi tan ẹja ló wà lórí ìwọ̀ náà. Òní ni àsìkò ẹja pípa parí lọ́dún yìí, ọ̀la sì ni àdúrà ogójì ọjọ́ Dísù.

"Bàbá, ẹ bá mi wá ẹyọ kan péré!" Ó ń bẹ bàbá Òyìnbó tó máa ń bá Dísù pẹja níbẹ̀. "Gbogbo Sátidé ni Dísù máa ń gbé ẹja wálé fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe sàráà rẹ̀?"

Okùn le gan-in. Wọ́n jọ fa ẹja náà dé etí omi, ó ń jà fitafita.

Ẹnu ya bàbá náà. "Dísù kẹ̀? Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ pẹja, kò gbé ẹyọ kan lọ rí. Gbogbo ẹ̀ ló ń dá padà sómi."

Opó náà rántí nǹkan kan. Ẹja Dísù kì í ní ìfun nínú tó bá délé. "Mi ò fẹ́ kí omi tútù pa ọ́ lọ́wọ́ ni," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ó rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sómi.

"Bàbá, aago mélòó ni àwọn tó ń ta ẹja lọ́nà Blanchardstown ń ti ṣọ́ọ̀bù?"