Ọwọ́ Òfo Tí Morádéyọ̀ Ń Sá Fún

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá ìwé gíga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, nítorí ibi tó dun ni jù ń bẹ ní ìparí.

1.
Nígbà tí Morádéyọ̀ ń kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, olùkọ́ èdè Faransé kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì Faransé. Dókítà Fọláwẹ̀mí ni orúkọ wọn gan-an. Mowe ni wọ́n ń gbé. Ìyá Morádéyọ̀ ń ta aṣọ ọmọ ilé-ìwé ní Ibafo, ibi méjèèjì ò sì jìnnà síra.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́mì dá ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé. Wàá ṣe másításì. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò ní tó. Wọ́n á ní kó o mú èdè mìíràn kún un. Máa bọ̀ nílé mi ní Sátidé."

"Mọ́mì, mi ò ní owó tí màá fi san lẹ́sìn."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè owó?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn Sátidé yẹn dùn! Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè àti àgbọn. Morádéyọ̀ á máa ka Faransé, ahọ́n rẹ̀ á lọ́, Mọ́mì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. "O tún ti ń sọ Faransé bí ará Ibafo!" Èso igi á já bọ́ sórí ìwé, á kùn ún ní pupa. Bílẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Mọ́mì á sìn ín dé títì, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ àfìgbà tó bá wọ ọkọ̀.

2.
Morádéyọ̀ jáde pẹ̀lú èsì tó dára. Iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ilé-ìwé ńlá kan ní Arepo.

"Ṣé o ti lọ kí Mọ́mì Faransé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Màá lọ, Mà. Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n gbé lọ ni? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbowó oṣù."

Ó gbowó oṣù. Ó ní àpò ìrẹsì kan lòun máa rà. Nígbà tó tún rò ó, ó ní ìrẹsì kéré, léèsì ló yẹ wọn. Apá rẹ̀ kò sì ká owó léèsì. Oṣooṣù ló ń bá ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Kámpù tí wọ́n ti ń gbàdúrà, oṣooṣù ni ọkọ̀ náà ń kọjá ní Mowe, tó ń rí orí igi fúrúùtù yẹn láti ojú fèrèsé. Á ní, "Ó di oṣù tó ń bọ̀." Mọ́mì pè é lórí fóònù nígbà kan. Ó ń wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́. Ojú ń tì í. Nígbà tó yá, ìtìjú náà di ìgbéraga: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun lọ́wọ́ òfo.

3.
Yunifásítì kan lókè òkun gbé ètò kan jáde: másításì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè òde òní, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti ilé. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ló wà lọ́wọ́ Morádéyọ̀: èsì tó dára, àròkọ gígùn, èdè kejì. Wọ́n tún ní kí olùkọ́ méjì tó kọ́ ọ kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ní èdè kejì náà. Dókítà Adéyanjú, tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ tiwọn. Ó ku ti Mọ́mì Faransé.

Delight, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ní: "Ọmọ, ojú wo lo fẹ́ fi wo màmá yẹn? Lọ bá Dádì, pásítọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì jàre. Orúkọ wọn tó orúkọ. Ta ló máa rí lẹ́tà wọn kó ní òun ò gbà?"

Pásítọ̀ Ayọ̀wálé ka ohun tó mú wá. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe olùkọ́ ẹ ló yẹ kó kọ eléyìí?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí dáadáa ni, Sà."

Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n tún gbàdúrà lé e.

4.
Èsì dé láti yunifásítì náà: "Ẹni yìí kò kọ́ ọ ní Faransé. Mú lẹ́tà olùkọ́ rẹ wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Bí Morádéyọ̀ ṣe sáré bọ́ sí títì nìyẹn. Kò rántí ìrẹsì, kò rántí léèsì. Ọwọ́ òfo náà ló gbé dé Mowe.

Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ Mọ́mì, ló ṣílẹ̀kùn. "Àǹtí Morádéyọ̀! Ẹ̀yin rèé? Mọ́mì retí yín, retí yín." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Àìsàn kan kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá. Ó ti kó iyè wọn lọ."

Abẹ́ igi fúrúùtù ni Mọ́mì wà. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, èmi ni."

Màmá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ dìde, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?" Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé Ibafo lẹ ti ń bọ̀? Ọmọ mi kan wà níbẹ̀, Morádéyọ̀. Faransé ẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní kó máa bọ̀ ní Sátidé. Kó má ra nǹkan kan o. Ta ló bi í léèrè owó?"

Kò sí lẹ́tà. Wọ́n fún ẹlòmíràn láyè náà. Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni Morádéyọ̀ ń lọ sí Mowe, tó ń ka Faransé fún wọn. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé o. Bí ọmọ mi yẹn ṣe máa ń kà á gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìwé-ẹ̀rí yín tó wà nínú àpótí kì í darúgbó. Ẹni tó kọ́ yín ló ń darúgbó. Ẹ má fi orúkọ ńlá rọ́pò ẹni tó mọ̀ yín, ẹ má sì dúró de ẹ̀bùn ńlá kí ẹ tó lọ dúpẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ òfo yẹn lọ. Ọmọ tèmi ti sùn, ṣùgbọ́n mo ti fi èyí sórí fóònù rẹ̀, kó bá a láàárọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí tiyín náà.

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.