Wáyà Tí Télọ̀ Kò Lè Fi Sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà kò jẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ tán, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

1.

Télọ̀ ni. Fínnífínní ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Bí òwú tíńtín bá yọ létí aṣọ rẹ, kí o tó kí i tán, àlùmọ́gàjí rẹ̀ á ti gé e. Ó ti gé òwú lọ́rùn aṣọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀ rí, níbi tí olùkọ́ náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé irun orí mi kì í ṣe òwú!"

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni oúnjẹ ilé wọn. Ojú rẹ̀ á wọn aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ á gé e, ó parí. Ṣùgbọ́n alùpùpù ló ń gùn lọ wọn àwọn oníbàárà nílé wọn, bí òtútù bá sì ti mú, ìka rẹ̀ á le gbagidi. Lọ́jọ́ kan, ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìka líle yẹn, ó sì gé apá kóòtù ọkọ ìyàwó kan sódì. Ìyàwó rẹ̀ wo aṣọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe o. Tí ọwọ́ yìí bá bàjẹ́, kí ló kù fún wa?"

2.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Òun ló gbé oríṣi rọ́bà ọwọ́ méjì wá, ìyẹn rọ́bà ibi tá a ti ń di orí alùpùpù mú, irú èyí tí wáyà gba inú rẹ̀, tí iná bátìrì ń mú gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Èkíní, wíwé ni wọ́n ń wé e lé rọ́bà àtijọ́ lórí, wọ́n á wá fi okùn so ó. Ní ti èkejì, wọ́n á yọ rọ́bà àtijọ́ dànù, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ tuntun síbẹ̀.

"Wíwé yẹn rọrùn, ẹ̀gbọ́n. Tí òtútù bá lọ, ẹ lè fọwọ́ ara yín tú u."

Fínnífínní yínmú. "Kí alùpùpù mi wá dà bí ẹni tí wọ́n di báńdéèjì fún? Fi èkejì sí i."

Ó fi sí i, iṣẹ́ náà sì dáa. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, wáyà kan so rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Ojú Fínnífínní kò kúrò níbẹ̀.

"Àbúrò, o gbàgbé èyí."

"N ò gbàgbé o, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń fún un níná kó lè sáré, yíyí ló ń yí. Tẹ́ ẹ bá tún yí orí alùpùpù, wáyà yẹn gbọ́dọ̀ ráyè tẹ̀ lé e. Tó bá fi le pinpin, ó máa..."

"Mo ti gbọ́! Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ọ̀lẹ yín náà lẹ ń pè ní ọgbọ́n. Wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ bó ṣe tú."

Àtòun, àtìyàwó rẹ̀, àti mẹkáníìkì náà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀rín yẹn ló gbé gbólóhùn tó kù mì.

3.

Ọwọ́ Fínnífínní móoru, iṣẹ́ ń lọ geere. Ká ní ó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá jókòó lórí alùpùpù ni wáyà yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so wáyà, ó fa wáyà náà le, ó so ó mọ́ irin ara alùpùpù, ó sì gé ìdí ike náà. Ó sún sẹ́yìn, ó ń wò ó, inú rẹ̀ dùn.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé àbúrò mi ní kí ẹ so ó?"

"Ta ló ń gbàṣẹ kó tó gé òwú?"

Ó gbéra. Ọ̀nà tọ́, nǹkan kan kò ṣe é. Ó dé kọ́nà ilé oníbàárà rẹ̀, ó yí orí alùpùpù sósì. Wáyà tí kò ráyè mọ́ fa rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún, rọ́bà yí, alùpùpù sì fún ara rẹ̀ níná. Ó ké ramúramù. Kí ó tó rántí bíréèkì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ògiri ọgbà kan ló dá a dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì há sáàárín irin àti ògiri. Àwọn tó gbé alùpùpù náà dìde ní rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbóná.

4.

Eegun jiná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Mẹkáníìkì wá kí i, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ǹ bá ti pariwo mọ́ yín lọ́jọ́ yẹn."

"Rárá, àbúrò. Èmi ni mi ò jẹ́ kó o sọ̀rọ̀ tán."

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé aṣọ báyìí. Fínnífínní á jókòó tì í, á máa fẹnu tọ́ ọ sọ́nà, ọwọ́ á wà lórí itan. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti wábòmíì gbà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Láìpẹ́ yìí, òwú kan yọ létí ẹ̀wù òun fúnra rẹ̀, níbi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Fi sílẹ̀."

"Ṣé kó máa so rọ̀ báyìí ni?"

"Fi sílẹ̀, jọ̀ọ́. Kò dí ẹnì kankan lọ́wọ́."

Obìnrin náà gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó yíjú sí ògiri kí ọkọ rẹ̀ má baà rí omijé òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkìlọ̀ rèé o. Kì í ṣe gbogbo ohun tó so rọ̀ ni wọ́n gbàgbé. Tí oníṣẹ́ bá ń ṣàlàyé, ẹ pa yẹ̀yẹ́ tì, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ dópin. Ohun tí ẹ bá fẹ́ tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni yín tó ń gun alùpùpù, àti èyí tí kì í gùn ún, tó kàn fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan gún régé. Àwọn àgbà kò purọ́: àṣejù, baba àṣetẹ́.