Igbá Mẹ́fà Àgbébọ̀

Àlọ́ mi fò, ó bà lórí Àgbébọ̀ àti Àkùkọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ méjì. Kìnnìún ọba ń san igbá àgbàdo mẹ́wàá fún Àkùkọ lóṣù, mẹ́fà fún Àgbébọ̀.

“Baálé ni Àkùkọ,” ni ọba wí nígbà tí Àgbébọ̀ béèrè ìdí.

“Kábíyèsí, èmi nìkan ni mo ń bọ́ ọmọ mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún sáà kan, kí ẹ wò ó.”

Sáà parí. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Àgbébọ̀ ń kàwé. Ti ọ̀dọ̀ Àkùkọ ti gbàgbé èyí tí wọ́n mọ̀.

“Iṣẹ́ Àkùkọ mà le o!” ni Kìnnìún wí. “Ẹ fi igbá méjì kún tirẹ̀.”

Àgbébọ̀ kó ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ń kọrin lọ:

Iṣẹ́ kan náà la ṣe — Tere!
Kìnnìún, lọ kọ́ ọmọ rẹ — Tere!